Ẹni Tó Ń Sùn Lórí Èéhù

Mi ò mutí, ojú mi ò sì tíì máa ṣe bàìbàì. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo rí i, mo fọwọ́ kàn án, mo sì tún fi tèèpù tí mo fi ń wọn àwọn oníbàárà mi wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe. Ìwọ̀n ara èèyàn kì í rú mi lójú.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé nígbà náà. Opó ni. Àgùntàn ló ń sìn lẹ́yìnkùlé, àwọn ló sì gbójú lé. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Koríko gbẹ títí ó fi ń ró ṣàkàṣàkà lábẹ́ ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn aládùúgbò tó ń sin ẹran ló ti ta tiwọn fún alápatà. Ó wá ku tiwa. Àràárọ̀ ni alápatà ń wá fara ti ọgbà wa, á máa wo àwọn àgùntàn tí egungun ìhà wọn ti yọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á kàn ní kí ẹ̀gbọ́n mi má jẹ́ kí wọ́n di òkú ẹran sí i lọ́wọ́.

"Ẹ máa lọ, bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí. "Àwọn ẹran tèmi ò tíì ṣetán àtikú."

Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé èèyàn lè hu koríko nínú yàrá láìlo erùpẹ̀ rárá. Àgbàdo ṣì kù nínú ilé. Ó ní bí òun bá dà á fún wọn bẹ́ẹ̀, wéré ló máa tán. Ṣùgbọ́n bí òun bá jẹ́ kó hù, díẹ̀ á di púpọ̀. Ó rẹ ẹ́ sómi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sẹ́ ẹ, ó fi àpò tútù bò ó títí tó fi yọ imú funfun.

Yàrá tó tutù, tí oòrùn ò ti ń ta jù, ló nílò. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà nínú ilé náà: yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ọkọ rẹ̀ kú sí. Látìgbà tí ọkùnrin náà ti lọ ni Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí i.

"Yàrá ni," ó ní. "Ebi ń pa ẹran mi, yàrá sì ṣófo. Kí ló kù?"

A tẹ́ páànù pẹlẹbẹ sílẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹní. A fi ìṣó dá a lu kí omi lè máa jò, a da àgbàdo náà sí i. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, à ń wọ́n omi sí i. Ó ń rùn bí etí odò. Tí èèyàn bá dákẹ́, á gbọ́ ọ bó ṣe ń hù: ìró wẹ́wẹ́, pẹ́-pẹ́-pẹ́, bí ìgbà tí ọmọdé ń la ètè lójú oorun. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi di ewé tútù. Gbòǹgbò lọ́ mọ́ gbòǹgbò, ó nípọn bíi tìmùtìmù. Ẹ̀gbọ́n mi ká a bí ẹní, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Àwọn àgùntàn jẹ ẹ́ tewé tegbò. Alápatà dúró létí ọgbà, ó wò, ó lọ.

A tún da òmíràn sílẹ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ náà bá dé.

Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ohùn ìsàlẹ̀ ló fi pè mí. Mo bá a ní ẹnu ọ̀nà yàrá náà.

Ewé náà ti tẹ̀. Èèyàn kan ti sùn sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ibi tó sùn sí nìkan la rí, a ò rí òun fúnra rẹ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fi apá rọrí, ó ká orúnkún jọ bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó kọjú sógiri. Mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi síbi èjìká rẹ̀.

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà nídìí ìró ẹ̀gbọ́n mi. Ológbò ò lè gba ojú fèrèsé yàrá náà wọlé. Àgbàdo náà ò sì dún mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ sọ fún Àǹtí Àgbà.

Wọ́n dé lọ́sàn-án gangan. Wọ́n yọjú sínú yàrá, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Wọ́n ní àbúrò àwọn ló padà sórí ibùsùn rẹ̀, pé kí a kó gbogbo pálapàla yẹn dànù, kí a ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ mú tèèpù mi wá.

Mo wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo ń rán ṣòkòtò fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà ayé rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Èyí tó sùn síbẹ̀, bó bá dìde dúró, kò lè kọjá àyà rẹ̀. Síbẹ̀ èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju ti ọkùnrin èyíkéyìí tí mo ti rán aṣọ fún lọ.

"Kì í ṣe àbúrò yín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ta wá ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ohun tí o ò mọ̀ lo wá ń bá gbélé?"

"Kò tíì bèèrè ẹran mi, Àǹtí. Ẹni tí mo mọ̀ dáadáa ló ń fara ti ọgbà láràárọ̀."

Àǹtí Àgbà gbé àpò wọn. Wọ́n ní àwọn ò tún ní fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́, wọn ò sì tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ fojú òun rí bó ṣe ń dùbúlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ìmọ́lẹ̀ funfun gba ojú fèrèsé wọlé. Àgbàdo ń dún, pẹ́-pẹ́-pẹ́. Oorun ti fẹ́ máa kùn mí nígbà tí ìró náà dáwọ́ dúró.

Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀. Ibi orí ló kọ́kọ́ tẹ̀. Lẹ́yìn náà, èjìká. Lẹ́yìn náà, ìbàdí. Ó ń rọra ṣe é, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo fẹ́ dìde. Ẹ̀gbọ́n mi di ìró mi mú.

"Ẹ kú ìrìn," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Ẹ sinmi. Ṣùgbọ́n bílẹ̀ bá mọ́, ẹ dìde o, torí mo máa ká ibùsùn yìí. Àwọn tó ń dúró dè é wà lẹ́yìnkùlé."

Ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá dìde díẹ̀díẹ̀. Ti iwájú wólẹ̀. Orúnkún kúrò lápá ògiri, ó yí sí wa. Ó ti kọjú sí wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ò mira. Òun ló tilẹ̀ ní kí a dìde, kí a jẹ́ kí àlejò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ká èéhù náà bó ṣe wí, ó gbé e fún ẹran. Abo kan tí kò lè dìde mọ́ jẹ nínú rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń rìn.

Òjò padà rọ̀. Koríko kún gbogbo ìta, inú mi sì dùn, mo rò pé ó ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi fọ páànù, ó gbé e ti ògiri. Èmi fúnra mi ni mo gbálẹ̀ yàrá náà tí mo sì tì í.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí a ṣe ń jẹun, a gbọ́ ọ. Nǹkan ń yí lórí sìmẹ́ńtì yàrá ẹ̀yìn. Á yí sọ́tùn-ún, á dákẹ́. Á yí sósì. Bí ẹni tí ilẹ̀ líle ń dun egungun rẹ̀. Mo ní kí a lọ sun ilé ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi jẹun tán, ó fọwọ́, ó gbé ike, ó lọ bu àgbàdo.

"Òjò ti rọ̀," mo ní. "Koríko wà níta."

"Mo mọ̀."

"Ta lẹ wá ń rẹ ẹ́ fún?"

Ó da omi sí i. Ó ní ẹnikẹ́ni ò lè lé òun jáde nínú ilé òun, ẹnikẹ́ni ò sì ní fi egungun sun sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí, mi ò gbébẹ̀ mọ́. Mo máa ń lọ kí i. Àgùntàn rẹ̀ ti pọ̀. Yàrá ẹ̀yìn ṣì tutù, ó ṣì ń rùn bí etí odò. Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, mo bá a tó ń tẹ́ páànù mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní láti bí ọjọ́ mélòó kan, ẹni yẹn ti ń sùn sí etí, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀.

Mi ò bi í pé àyè ta ni. Ó tẹ́ páànù náà gún, ó na ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹni tó bá ń bọ̀, kó máa bọ̀," ó ní. "Àgbàdo wà nílé."