Aṣíwò Tí Wọ́n Lé Lọ

Ẹ̀rọ tó ń da ìbéèrè bo èèyàn kí onítọ̀hún tó bọ́jú láàárọ̀, ṣé irú èyí náà dára? Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì ilé Fèyíkẹ́mi ṣe ní Òkè-Òṣùpá, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sínú òṣùpá láyé ọjọ́ iwájú. Bó ṣe tàn án báyìí, ẹ̀rọ fọhùn: “Aṣíwò wo ni kí n máa fi ṣí ayélujára fún yín? Ẹ yan ẹyọ kan.”

Kí n yáa ṣàlàyé. Aṣíwò ni irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣí ojú ewé ayélujára síta kéèyàn lè rí i. Línúksì ló ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà ìlú náà, Línúksì kì í sì í fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá wù ọ́ ni wàá lò. Ṣùgbọ́n àyè inú kọ̀ǹpútà ti há. Ìgbìmọ̀ ìlú pàṣẹ pé aṣíwò kan ṣoṣo ni kí ilé kọ̀ọ̀kan ní. Ti àtijọ́ ń jẹ́ Ẹyẹlé, ó ń wọ́ bí ìgbín. Ti tuntun ń jẹ́ Àṣá, kó o tó ṣẹ́jú, ó ti dé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú Ẹyẹlé ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ohùn Gbádébọ̀ wà. Gbádébọ̀ ni ọkọ Fèyíkẹ́mi, òun nìkan náà sì ni ọmọ tí Màmá, ìyá ọkọ tó ń bá Fèyíkẹ́mi gbé, bí. Ó bá ọkọ̀ òfurufú lọ sí ẹ̀yìn Júpítà, ohùn rẹ̀ sì máa ń wọlé láràárọ̀: á kí ìyá rẹ̀, á sì pe ìyàwó rẹ̀ ní Àyìnkẹ́. Lọ́jọ́ kan, ohùn náà dákẹ́. Àwọn ará ìlú ní ọkọ̀ ti sọnù. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti tan iná àárọ̀ ìlú, ìyá àti ìyàwó á jókòó síwájú ẹ̀rọ, wọ́n á máa wo ojú ewé tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n, ó ń sọ wọ́n gan-an ni.

Láníhùn, onímọ̀ ẹ̀rọ ìlú, ló wá bá wọn ṣe é. Kò tíì jókòó dáadáa tí Màmá fi kọjú sí i.

“Ìwọ Láníhùn, ta ló ní kẹ́ ẹ máa bá wa dín nǹkan ilé wa kù? Ṣé aṣíwò méjì ló máa wó ilé ni?”

“Màmá, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà náà ló ń pín afẹ́fẹ́ tá à ń mí. Àyè tí aṣíwò kejì gbà, ibẹ̀ la fẹ́ lò.”

“Ẹ̀yin onímọ̀! Bí afẹ́fẹ́ bá ṣáà ti wà, ó parí lójú tiyín.”

Láníhùn mí kanlẹ̀. “Màmá, ẹ rò ó dáadáa o. Èyí tẹ́ ẹ bá lé lọ, ohun tó wà níkùn rẹ̀ á bá a lọ, kò ní í padà mọ́.”

Ẹyẹlé ni Fèyíkẹ́mi fẹ́. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Màmá tó ti wú fún ẹkún, ó rò ó lọ́kàn pé bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n, bóyá kí wọ́n kúkú sinmi. Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á wá kọ́kọ́ nawọ́ sí nǹkan níwájú ìyá ọkọ? Ó kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ̀yin ni àgbà. Èyí tẹ́ ẹ bá mú ni mo mú.”

Ẹyẹlé ló wà lọ́kàn Màmá náà. Ṣùgbọ́n wọ́n wo ọmọbìnrin yìí, tí ewé rẹ̀ ò tíì rọ, tó ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n rò ó lọ́kàn pé ìtìjú ni ò jẹ́ kó sọ pé Àṣá lòun fẹ́. Wọ́n na ìka, wọ́n tẹ Àṣá.

“Ẹ ṣé, Màmá,” ni Fèyíkẹ́mi wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ sì ń sunkún.

Ẹ gbà mí o! Ká ní ọ̀kan nínú wọn yájú díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ǹ bá má rí ìtàn yìí sọ.

Àṣá yára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í wò.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí Láníhùn tún fi dé. Kò lè wo ojú wọn.

“Ọkọ̀ Gbádébọ̀ ti yọ lẹ́yìn Júpítà. Ohùn rẹ̀ ń wọlé. Ilé yín ló ń pè.”

“Ṣí i fún wa!” Fèyíkẹ́mi pariwo. “Kí lò ń wò?”

“Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bá Ẹyẹlé lọ. Mo rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ ni, n ò lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Agbára sì ti tán nínú ọkọ̀ náà, ńṣe ló ń léfòó lọ. Láìpẹ́, a ò ní í rí i mọ́.”

Màmá jókòó sílẹ̀ gbì. “Fèyíkẹ́mi, mo rò pé o ti fẹ́ gbàgbé rẹ̀ ni. Àánú rẹ ló ṣe mí.”

“Háà, Màmá! Tiyín ló ṣe èmi náà!”

Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n sunkún títí ohùn wọn fi há. Láníhùn tan iná kékeré kan lójú ẹ̀rọ. Tí Gbádébọ̀ bá ń sọ̀rọ̀, iná náà á tàn. Àwọn méjèèjì jókòó tì í. Ìgbàkígbà tó bá tàn, Màmá á dáhùn pé, “Ọmọ mi, à ń gbọ́ ẹ o,” bẹ́ẹ̀ wọn ò gbọ́ nǹkan kan.