Omi Tó Mọ́ Jù

Orí ìpele àpáta kan tí àgbàrá kò lè dé ni wọ́n ti bá òkú Dallin Lisonbee, nínú àfonífojì aṣálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú Kanab. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá, òùngbẹ ló sì pa á. Kò sí ike omi kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Brock Stanfill, ará ìlú ńlá tí wọ́n jọ wọ ibẹ̀ lọ fún ìrìn ọjọ́ méjì, ti jáde ní tirẹ̀. Ó ti ròyìn káàkiri pé Dallin jí omi àwọn méjèèjì gbé nígbà tí òun ń sùn, ó sì sá lọ. Renae, ìyàwó olóògbé, kò lè yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ohun kan ló bẹ Ìnspẹ́kítọ̀ Marva Heaton: kí wọ́n má sin ọkọ òun pẹ̀lú orúkọ olè.

Marva ti kórìíra Stanfill láti ìgbà tó ti fojú kàn án. Bàtà olówó ńlá, aago tó ń ka ìṣísẹ̀, ẹnu tí kì í sinmi. Stanfill jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá gba àmì ẹ̀yẹ.

Marva bi í léèrè omi tó ń mu títí tó fi jáde. Stanfill ní àgbàrá ya lóru, ariwo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun gbọ́ ìgbà tí Dallin lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun bu omi àgbàrá náà sínú ike òfìfo kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún òun, òun sì kọrí sọ́nà lójú ẹsẹ̀, òun ń mu ún lọ.

"Ẹ bá mi kí ìyàwó rẹ̀, Mà. Àìkówọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Èmi ò lé e lọ."

Marva gbé ike náà kalẹ̀, èyí tí àwọn ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àfonífojì. Omi ṣì kún un dé ìdajì. Ó wá gbé ife omi pupa kan tì í.

"Òjò tún rọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo sì bu èyí. Láti aago méje ló ti wà níbí. Aago mélòó ló lù, ìwọ tó o ní aago?"

"Mọ́kànlá."

"Ó ṣì pupa. Níbí, ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ pé omi àgbàrá gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú korobá kó tó ṣeé mu. Tìrẹ tó ń mì lẹ́yìn rẹ láti àárọ̀, báwo ló ṣe mọ́ bí omi ẹ̀rọ, tí kò sí ẹrẹ̀ kankan nísàlẹ̀ rẹ̀?"

"Mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ."

"Asẹ́ rẹ nìyí, inú àpò rẹ la ti bá a. Ó funfun báláú, ẹrẹ̀ ò kàn án rí. Omi ilé ni omi yìí. Ike Dallin sì ni ike yìí: Renae máa ń lẹ téèpù yí ike ọkọ rẹ̀ po. O ya téèpù, o ò fọ gọ́ọ̀mù. Wo yanrìn tó lẹ̀ mọ́ ọn yí po."

Stanfill ti ike náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbínú.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti dá nígbà tó ń sá fún àgbàrá. Kò lè rìn. Ṣé kí àwa méjèèjì kú síbẹ̀ ni?"

"Ọ̀sán lo jáde. Dókítà ní Dallin wà láàyè di ìrọ̀lẹ́. Ká ní o sọ ibi tó wà ni, à bá gbé e. Ṣùgbọ́n tá a bá gbé e, á sọ ẹni tó kó omi. Ìwọ lejò tí kò fẹ́ kówọ̀ọ́ rìn, ọ̀gbẹ́ni."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó pe Renae wọlé, ó sì ní kí Stanfill tún un sọ lójú obìnrin náà. Stanfill sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: òun ló kó omi náà. Renae kò sunkún. Ó ní kó sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà níta lè gbọ́, Stanfill sì sọ ọ́ sókè.

Nígbà tí wọ́n ń de ọwọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀fun òun gbẹ, ó tọrọ omi.

Marva ti ife pupa náà sún mọ́ ọn. "Mu ún. Ṣebí ìwọ lo ní ó ṣeé mu."