Ilẹ̀kùn Tí Àṣàkẹ́ Lù

Bàtà ni Àṣàkẹ́ kọ́kọ́ rí. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, tí bàtà funfun báláú kan wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, bí ẹni pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni ibẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Mọ́sítáǹgì ni mo ń wò yìí?"

"Òun ni. Ẹ sún bàtà yín, ọ́ìlì ń bọ̀."

Kó tó sún un, ọ́ìlì ti dé. Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Àṣàkẹ́ yọ orí jáde láti wo ẹni tí bàtà rẹ̀ bàjẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Olúwọlé lorúkọ rẹ̀. Ó ní irú ọkọ̀ náà nílé: ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́, onímú gígùn, alágbára. Gbogbo èèlò tí wọ́n fi ń tún tirẹ̀ ṣe, inú páálí ni wọ́n ti ń jáde, láti òkè òkun. Ti Àṣàkẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀, panẹ́bítà tó ń fi òòlù tún ara ọkọ̀ ṣe, tó sì kọ́ ọ níṣẹ́, ló rà á nígbà tó ti dípẹtà, bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ló sì rí tún ṣe kó tó kú. Ìyókù, òòlù Àṣàkẹ́ ni. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀kùn dírẹ́bà tán, ó sì ń fi páànù lu tuntun.

Olúwọlé ń wá ní Sátidé-Sátidé. Kò wọ bàtà funfun mọ́.

"Ṣé òòlù yìí lo fẹ́ àbí èmi?" ó máa ń bi í.

"Òòlù kò lẹ́nu bíi tìẹ."

Lọ́jọ́ kan, Olúwọlé gbé páálí ńlá dé. Ilẹ̀kùn tuntun ni, láti Amẹ́ríkà.

"Gbé e padà."

"Ìfẹ́ ni, olólùfẹ́ mi..."

"Wọ́n ti ń sọ ládùúgbò pé ọkùnrin kan ló ń tún ọkọ̀ bàbá mi ṣe. Tí ilẹ̀kùn yìí bá wọlé, òótọ́ ni wọ́n sọ."

"Ìgbéraga ni!"

"Òun náà ni."

Ó bínú lọ. Sátidé kan kọjá, kò yọjú. Àṣàkẹ́ lu ilẹ̀kùn, ó lu ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

"Mi ò gbé nǹkan kan wá o. Ọwọ́ nìkan ni."

Àṣàkẹ́ ju sáńpépà sí i. "Fi ha ilẹ̀kùn yẹn kó dán."

Nígbà tí wọ́n kùn ún tán, Àṣàkẹ́ pe ẹni tó ń kọ̀wé sára mọ́tò. "Ara ilẹ̀kùn tí mo lù ni kí o kọ ọ́ sí: ọkọ̀ Àṣàkẹ́. Kí gbogbo ayé mọ ẹni tó ni ín." Akọ̀wé mọ́tò yẹn kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. OKO ASAKE ló kọ, gàdàgbà.

Àṣàkẹ́ ní kí Olúwọlé wà á, kí òun lè fetí sí ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè Mápó ni igbe ta lẹ́nu àwọn èrò:

"Ọkọ Àṣàkẹ́! Ọkọ Àṣàkẹ́, ẹ kú oríire o!"

Ìyá Olúwọlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ń ti Ọjà'ba bọ̀. Ó kà á, ó dá ọkọ̀ dúró.

"Olúwọlé! Ìgbà wo lo gbéyàwó?"

"Màmá, ọkọ̀ ni, kì í ṣe ọkọ!"

"Yorùbá ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni. Àmì dà?" Ó kọjú sí Àṣàkẹ́. "Ta ló tún ọkọ̀ yìí ṣe fún ọ?"

"Èmi ni mo tún un ṣe, mà. Ilẹ̀kùn tí ẹ dì mú yẹn, èmi ni mo lù ú."

Màmá fi ìka kan ilẹ̀kùn náà, kó, kó. "Iṣẹ́ lèyí," ó ní.

Olúwọlé yíjú sí i. "Àṣàkẹ́, má jẹ́ kí wọ́n fi àmì sí i."

"Sọ ọ́ kó yé mi."

"Jẹ́ kí n fẹ́ ọ."

"Bọ́ sílẹ̀. Èmi ni màá wà á délé."

"Ṣé o gbà ni?"

"Ṣé o gbọ́ pé mo ní kí wọ́n fi àmì sí i?"

Màmá ti ṣílẹ̀kùn, ó ti jókòó sẹ́yìn. Àṣàkẹ́ di sítíárì mú, ó gbé orí sókè, ó sì wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ la àárín Bẹẹrẹ kọjá.

Títí dòní, kò sí àmì lára ilẹ̀kùn náà. Bó bá ṣe wu èèyàn ni kó kà á. Kò ní ṣì í kà.