Ewúrẹ́ Tó Tọrọ Ìyàwó

Orí àkàbà ni Yobe Soko wà nínú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ìlú Kitwe, ó ń yí iná ńlá kan sí ọ̀tún, nígbà tí ewúrẹ́ kan yọ orí láti ẹ̀yìn aṣọ títa, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì bú u.

"Ẹ̀yin Ngoni! Ṣé orí àkàbà lẹ ti wá ń wá màlúù báyìí?"

Díẹ̀ ló kù kí Yobe já bọ́. Ewúrẹ́ funfun ni, ó ní irùngbọ̀n okùn, ẹnu rẹ̀ sì ń là ó ń pa dé bí ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà. Lábẹ́ ọrùn rẹ̀ ni Yobe ti rí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Lẹ́yìn ọwọ́ náà ni ojú obìnrin kan yọ, ojú tí ẹ̀rín ti kún tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé pa mọ́ mọ́. Yobe ń búra títí di òní pé òun kò fọwọ́ kan iná yẹn mọ́, pé iná náà gan-an ló yí ara rẹ̀ padà lọ bá ojú náà.

"Báwo ni ewúrẹ́ yín ṣe mọ̀ pé Ngoni ni mí?"

"Ó gbọ́ orin tí ẹ̀ ń kọ. Kò sí Bemba tó lè fìyà jẹ orin báyẹn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ọ̀bọ, ó yà mí lẹ́nu pé ẹ kò jẹ ewúrẹ́ náà tán lójú ọ̀nà."

"Amọ̀ ni orí ẹ̀. A gbìyànjú, eyín ò ràn án."

Bí ìran Ngoni àti Bemba ṣe máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn baba ńlá wọn jagun títí ogun fi sú wọn, láti ìgbà náà ni èébú ti di ìkíni. Mbuya ni wọ́n ń pe ara wọn, ẹni tó bá sì fajú ro nítorí èébú mbuya rẹ̀, òun ni gbogbo àdúgbò yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mwenya Nkandu ni obìnrin náà ń jẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ìwé Bemba kà ní àwọn àdúgbò awakùsà tí kò mọ orúkọ yẹn. Ìwé ìfẹ́ ló ń kọ, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀. Awakùsà yóò ra ọ̀kan fún ìyàwó rẹ̀, yóò ní kí òun kàn yẹ ojú ìwé kìn-ín-ní wò, ìyàwó ni yóò sì padà wá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́. Ọjọ́ kan ló wo àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní pápá, tí wọ́n ń fi ìka yìnbọn fún ara wọn bí àwọn ará fíìmù òyìnbó. Ó ní kí ẹnì kan nínú wọn pa ààlọ́ kan. Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀ láti mọ ọmọlangidi.

Ọ̀gbẹ́ni Mubanga, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, wo ewúrẹ́ náà títí. "Ìyáàfin, ìwé ìfẹ́ lẹ mọ̀ ọ́n kọ. Kí ló kàn yín kan ọmọlangidi?"

"Mo ti mú àgbàlagbà sunkún nítorí ọkùnrin tí kò sí rí láyé," ni Mwenya dá a lóhùn. "Ṣé n ò wá ní lè mú ọmọdé gba ewúrẹ́ gbọ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Mubanga rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fún un ní àyè ẹ̀ẹ̀kan péré, ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ òmìnira. Bí eré náà bá dùn, yóò máa bá a lọ. Bí kò bá dùn, ó parí.

Yobe kì í ṣe ẹni tí wọ́n yàn fún eré yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè lé e lọ. Tí iṣẹ́ bá ti parí, yóò máa kan pákó tí àwọn ọmọlangidi yóò dúró lé. Mwenya ní ohùn méjì lòun nílò. Tòun yóò jẹ́ ti Katongo, ọmọlangidi ọmọbìnrin kan tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ jù. Ti ewúrẹ́ náà, Shimbushi, kò tíì rí ẹni tó bá a mu.

"Ẹ jẹ́ kí n dán an wò," ni Yobe wí.

"Ìwọ? Ohùn rẹ dà bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo."

"Ewúrẹ́ tó dàgbà ńkọ́? Báwo ni tirẹ̀ ṣe ń dún?"

Mwenya gbé ewúrẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Òótọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ẹni tó ń kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn pákó, apá lókè, èjìká sí èjìká. Wọ́n a máa jẹ iṣu sísè láti inú abọ́ kan, wọ́n a máa bú ara wọn, tí ọ̀kan bá sì pẹ́ dé, èkejì kì í rí ohun kan ṣe títí yóò fi dé. Ọ̀sán ọjọ́ kan, láàárín ìdánrawò, Shimbushi ṣàdédé gbàgbé ohun tó yẹ kó sọ. Ó yíjú sí Katongo.

"Ọmọdé, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Ọkùnrin tó gbé mi dúró yìí ń fẹ́ obìnrin tó gbé ìwọ dúró. Kí ni kó ṣe?"

Katongo kò mira. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, Mwenya ti bo ẹnu rẹ̀.

"Òun fúnra ẹ̀ ò lẹ́nu ni?" ni Katongo béèrè níkẹyìn.

"Ó lẹ́nu. Ẹnu náà gbẹ ni."

"Sọ fún un kó rán alárenà sí ìyá mi. Kó sì yára, kí n má baà rántí pé Ngoni ni."

Alárenà lọ. Ó gbé abọ́ méjì tí wọ́n dé mọ́ra lọ síwájú BanaMwenya, ìyá Mwenya, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ funfun nínú rẹ̀. BanaMwenya gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé Ngoni kì í jẹ ẹ̀fọ́, ta ni yóò wá máa ra ẹran fún ọmọ òun. Lẹ́yìn náà ló ṣí abọ́ náà. Ó ti gbà. Láti ọjọ́ yẹn ni èèwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: Yobe kò gbọ́dọ̀ wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, inú koríko ni Yobe yóò yà sí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí wọn yóò fi ṣe ayẹyẹ tó ń tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Kò tíì pẹ́ rárá tí wàhálà fi dé.

Nachimbusa ni BanaMwenya, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń kọ́ ìyàwó ní ohun ilé ọkọ. Amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ wọn: wọ́n á mọ ẹyẹ, wọ́n á mọ ejò, wọ́n á mọ ilé, wọ́n á fi ẹfun, osùn àti èédú ṣe àmì tó-tò-tó sí i lára, wọ́n á sì kọrin lé e lórí nínú ilé tí a tì pa. Ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ rí i. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ rí i. Kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ́n tó ti BanaMwenya ní gbogbo Kitwe.

Aládùúgbò kan ló gba ẹ̀yìnkùlé Mwenya kọjá, tó rí orí ọmọlangidi márùn-ún tí wọ́n sá sínú oòrùn. Amọ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n, wọ́n sì fi osùn àti èédú ṣe àmì tó-tò-tó sí wọn lára. Ó fi aṣọ bojú, ó sáré lọ bá BanaMwenya.

BanaMwenya wá fúnra rẹ̀. Kò pariwo. Ó wo àwọn orí náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Láti kékeré ni mo ti ń wo ọwọ́ yín."

"Inú ilé tí mo tì pa ni mo ti ń ṣe é. Ìwọ fẹ́ gbé e síwájú ọkùnrin, síwájú ọmọdé, síwájú gbogbo ayé?"

"Ìyá, ewúrẹ́ lásán ni. Ó ń kọ́ ọmọdé kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun ni."

"Amọ̀ nìyí. Ẹfun nìyí. Osùn nìyí. Kí ló wá kù?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ mi ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé èmi ni mo ta awo wọn. Kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú odò. Bí o bá gbé wọn jáde, n ò ní lọ́wọ́ nínú ìgbéyàwó ẹ. Kí o sì wò ó bóyá ìyá kan wà nílùú yìí tí yóò kọ́ ẹ lẹ́yìn tí mo bá ti kọ̀."

Kò sí ìyá náà. Mwenya mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó lọ bá Yobe lẹ́yìn ilé iṣẹ́. "Sọ pé kí n fi eré náà sílẹ̀."

"N ò ní sọ ọ́."

"Bí o bá sọ ọ́, n ó kórìíra ẹ."

"Ìdí tí n ò fi ní sọ ọ́ nìyẹn. Odindi ẹ ni mo rán alárenà sí. N ò rán an sí ìlàjì."

Mwenya sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Yobe rọra béèrè bóyá kí àwọn lọ sí kóòtù, kí wọ́n so àwọn pọ̀ níbẹ̀.

"Ìwé kóòtù ò lè dípò ọwọ́ ìyá mi," ni Mwenya wí. "Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ewúrẹ́ mi. Mo fẹ́ ìyá mi. Kò sí èyí tí n ó yọ níbẹ̀."

Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n BanaMwenya ti tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀. Alárenà lọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a padà. Yobe ìbá lọ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ti pa á lẹ́nu mọ́. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn bí ẹni tó ń tú okùn tó ta kókó. Ọmọ kò lè sọ̀rọ̀. Alárenà kò lè sọ̀rọ̀. Àna kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ta ló wá kù? Ó fò dìde. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gan-an kò tíì rojọ́!

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, BanaMwenya àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní àgbàlá, wọ́n ń bó ẹ̀pà. Ewúrẹ́ kan yọ orí lókè ọgbà koríko.

"BanaMwenya, mo kí yín o. Ẹ̀yin ìyá, mo kí gbogbo yín."

Ẹ̀pà dà sílẹ̀. Ìyá kan bojú. BanaMwenya kò wo ọgbà náà tààrà, ó wo ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló wà lẹ́yìn ọgbà mi?"

"Kò sẹ́ni kankan, Ìyá. Ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ bí Ngoni?"

"Àwọn Ngoni ló tọ́ mi. Màlúù wọn ti tán, ni wọ́n bá ń ṣìkẹ́ mi."

Ìyá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú aṣọ rẹ̀. BanaMwenya gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́rìí o. N ò bá àna mi sọ̀rọ̀. Ẹran ni mo ń bá sọ̀rọ̀." Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ewúrẹ́, kí lo wá ṣe?"

"Wọ́n ní mo gbé awo yín sínú. Mo ní kí ẹ yẹ̀ mí wò. Ẹ bi mí ní ohunkóhun."

"Kí ni a ń kọ́ ìyàwó nínú ilé tí a tì pa?"

Ewúrẹ́ náà ronú títí, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì. "Ìyá, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ohun tí mo mọ̀ kò ju kí ọmọdé fọ ọwọ́, kó kí àgbà, kó má ju òkúta sí ọkọ̀ ojú irin. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ bí a ṣe ń mú inú ìyàwó dùn, kó dákun sọ ọ́ fún mi, mo ní ọ̀rẹ́ kan tó fẹ́ gbọ́."

Ẹ̀rín bú jáde ní àgbàlá. BanaMwenya nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí ètè rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Kí ni wọ́n fi ṣe orí ẹ?"

"Amọ̀ ni, Ìyá."

"Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà." Ó wá ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. "Ẹnu ẹ kò ṣẹ̀ mí. Amọ̀ yẹn, àwọ̀ yẹn, tiwa ni. Àwọn ìyá wa fi sí wa lọ́wọ́. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ níta kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ohun tó dákẹ́ nínú ilé."

Ìlẹ̀kùn ọgbà ṣí. Mwenya wọlé, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀yìn ọgbà ló ti wà tó ń gbọ́.

"Ìyá, èyí ni mo ṣẹ̀ tí n ò mọ̀. Bí amọ̀ náà bá lọ, ṣé ewúrẹ́ náà lè dúró?"

"Sátidé yìí ni eré ẹ. Ìgbà wo lo máa rí òmíràn ṣe?"

"N ó rí i ṣe."

Ó gba ewúrẹ́ náà lókè ọgbà, ó gbé orí tó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ mọ náà lé orí òkúta, ó sì fọ́ ọ fúnra rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Kò wo ibòmíràn. BanaMwenya wo àfọ́kù náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó dìde, ó nawọ́ sí abẹ́ òrùlé, ó sì yọ akèrègbè gbígbẹ márùn-ún.

"Ọrùn èyí gùn, yóò dára fún ewúrẹ́," ló wí. "Kí ẹran tó wà lẹ́yìn ọgbà sì lọ mú adìẹ ìtanràn kan wá fún mi. Ó ti bá mi sọ̀rọ̀ jù."

Wọ́n ṣiṣẹ́ títí apá wọn fi wú. Ìyá ń gé, ọmọ ń rán, Yobe ń fi okùn so ẹnu mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ọgbà. Aró búlúù àti àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn wọ́n. Nígbà tí Sátidé dé, àwọn ọmọ Kitwe kún ojú fèrèsé gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Shimbushi béèrè pé, "Ta ló fọ ọwọ́ lónìí?" gbogbo àdúgbò gbé ọwọ́ sókè, títí kan àwọn awakùsà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Mubanga kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn béèrè ohun tí Mwenya ní fún Sátidé tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìkórè, àwọn ìyá Kitwe pé sí ilé BanaMwenya. Wọ́n mú Mwenya wọlé ní òwúrọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Títí dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni ìtàn yìí lè tẹ̀ lé wọn. Orin ló jáde, lẹ́yìn náà ẹ̀rín, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ tó pẹ́. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n ṣí i. Mwenya jáde pẹ̀lú osùn lára, ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí èjìká rẹ̀.

Yobe dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ojú rẹ̀ nílẹ̀ bó ṣe yẹ. BanaMwenya rọra ti ọmọ rẹ̀ síwájú, ó sì yà sẹ́yìn.

"Kí ni wọ́n kọ́ ẹ?" ni Yobe sọ sí i létí.

Mwenya rẹ́rìn-ín sí i. Obìnrin tó ti kó gbogbo ohun tó rí láyé sínú ìwé àti sẹ́nu ewúrẹ́ ni.

"Ti ìyá mi nìyẹn, olólùfẹ́ mi," ló wí. "N ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láyé. Ṣùgbọ́n wàá máa rí i."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ lọ bá àwọn ènìyàn tó ń dúró dè wọ́n.