Àpótí Oyin Tí Tẹ́ẹ́rẹ́ Ṣí

“Tẹ́ẹ́rẹ́, gbọ́ mi dáadáa. Má fọwọ́ kan àwọ̀n wáyà yẹn o. Ẹni tó bá ṣí i, oyin ló máa kí i káàbọ̀.”

Bàbá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń fa okùn ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù wọn le. Oyin ni bàbá ń sìn. Ó to àwọn àpótí oyin sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi àwọ̀n wáyà dí ẹnu wọn, ó ń kó wọn lọ sí oko kan tó jìn níbi tí igi ti ń tanná. Ìlú tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ ló wà lójú ọ̀nà, ló bá ní kí àwọn yà kí ọ̀rẹ́ òun àtijọ́, káfíńtà tó kan àwọn àpótí náà. Ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó sì wọlé lọ.

Tẹ́ẹ́rẹ́ náà ní ọ̀rẹ́ tó fẹ́ kí. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó lọ sí oko, kò tíì fojú kan Dúdú àti Aláròyé, àwọn tí wọ́n jọ máa ń jókòó nílé ìwé. Ó ti fi fóònù bàbá pè wọ́n. Ó ń rò ó pé bóyá wọ́n tilẹ̀ ti gbàgbé òun.

Wọ́n dé, wọ́n dì mọ́ ọn, inú rẹ̀ dùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí Tẹ́ẹ́rẹ́ kò mọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ohun tí kò yé e.

“Ará oko, kí ló dé tó o dákẹ́?” Aláròyé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Ṣé oyin gan-an ló wà nínú àwọn àpótí yìí?” Dúdú béèrè. Òun dúró lókèèrè ní tirẹ̀.

“Oyin ni. Èmi gan-an máa ń bá bàbá mi tọ́jú wọn.”

“Irọ́ ńlá!” ni Aláròyé pariwo. “Ìwọ tó ń sá fún aáyán níjọ́sí? Ṣí i ká rí i, mo fẹ́ ya fídíò.”

“Bàbá mi ní kí n má…”

“Hẹn-ẹ́n! Mo ti mọ̀ pé ẹnu lásán ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé gbé mì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ti ṣí àpótí oyin rí nílé, àìmọye ìgbà. Ohun tó gbàgbé ni pé nílé, èéfín tó ń mú oyin rọlẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ bàbá, aṣọ tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ oyin sì máa ń wà lára òun. Oyin tí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn láti àárọ̀, ẹ ò rí i pé ara rẹ̀ ò lè balẹ̀? Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ká etí àwọ̀n kan sókè díẹ̀.

Oyin kan rọra rìn jáde. Aláròyé ń ya fídíò, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọ́n tú jáde wùù!

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yàgò fún mi. Oyin kan ta Dúdú lẹ́yìn ọrùn, nínú irun, Dúdú sì gbá a pa. “Má gbá a!” Tẹ́ẹ́rẹ́ kígbe, torí òórùn oyin tí wọ́n tẹ̀ pa máa ń pe àwọn yòókù ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Wọ́n sá já òpópónà kejì, wọ́n kó wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni Dúdú ti ṣubú. Ètè rẹ̀ ń wú, ọ̀fun rẹ̀ ń súfèé. Télọ̀ ò béèrè nǹkan kan, ó gbé e pọ̀n, ó di ilé ìwòsàn tó wà nítòsí.

“Kí ló ṣe é?” nọ́ọ̀sì béèrè.

“Wọ́n ṣáà sá wọlé bá mi ni,” télọ̀ dáhùn.

“Ikọ́ fée ni, mà!” Aláròyé sọ kíá. “Ó máa ń ṣe é láti kékeré.” Òótọ́ ni, ó máa ń ṣe é. Ó wá fún Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ pọ̀, ó sọ ọ́ sí i létí pé, “Dákẹ́! Tó o bá sọ̀rọ̀ oyin, ọlọ́pàá máa mú bàbá ẹ.”

Lójú inú, Tẹ́ẹ́rẹ́ ń rí bàbá rẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́pàá. Nọ́ọ̀sì ti yíjú, ó ń lọ mú oògùn ikọ́ fée. Dúdú kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ojú Tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló ń wò.

“Oyin ni!” Tẹ́ẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. “Oyin ló ta á lọ́rùn! Èmi ni mo ṣí àpótí!”

Nọ́ọ̀sì ju oògùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó pariwo pe dókítà. Wọ́n gún Dúdú lábẹ́rẹ́ ní itan, wọ́n sì lé àwọn yòókù síta. Nígbà tí Tẹ́ẹ́rẹ́ máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Aláròyé ti lọ.

Bàbá béèrè ọ̀nà títí ó fi bá wọn níbẹ̀, oyin ti ta á, ojú rẹ̀ ti wú. Òun àti káfíńtà ló dí àpótí náà padà. Tẹ́ẹ́rẹ́ ro gbogbo ẹjọ́ fún un.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyá Dúdú.”

“Èmi kọ́,” ni bàbá wí. Kò tilẹ̀ pariwo. “Ọwọ́ ẹ ló ṣí i, ẹnu ẹ ló máa sọ ọ́.”

Ìyá Dúdú, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, sáré dé láìwọ bàtà. Tẹ́ẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ń kólòlò. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni nọ́ọ̀sì yọjú.

“Ó ti ń mí dáadáa. Oró oyin ni ara rẹ̀ kò gbà. Àmọ́ ká ní oògùn ikọ́ fée la fún un, tá a wá ń wò ó níran, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.”

Ìyá Dúdú fara ti ògiri.

“Ikú tó fẹ́ pani tó ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ló yẹ. Tẹ́ẹ́rẹ́, o sọ òótọ́ ni mo ṣe bá ọmọ mi láàyè. O ṣé. Àmọ́ ìwọ náà lo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Má tíì wá sílé mi. Tí mo bá ń rí ẹ, àyà mi á máa já.”

“Ẹ jẹ́ kí n kàn kí i, mà.”

“Rárá.”

Wọ́n padà sójú ọ̀nà láìjẹ́ pé Tẹ́ẹ́rẹ́ tún fojú kan Dúdú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ra ìyìn ẹgbẹ́. Bí ọwọ́ bá sì ti ṣẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù di ẹnu yín, torí òótọ́ tó bá tètè dé lè gba ẹni tá a ṣẹ̀ là. Àmọ́ ìyẹn kò sọ pé ẹni náà tàbí ará ilé rẹ̀ á fẹ́ rí wa mọ́.