Orúkọ Ìdáyátù Lórí Káàdì Àwìn

Bí wọ́n bá jí ewúrẹ́ èèyàn gbé, ilẹ̀ kò ní ṣú kó tó mọ̀. Orúkọ ni wọ́n jí lọ́wọ́ Ìdáyátù, obìnrin náà sì ń yan gààrí rẹ̀ ní Araromi-Obu, kò fura. Ọjọ́ tó lọ yáwó ní báńkì kan ní Òrè, láti fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá, ni wọ́n sọ fún un pé máàkì rẹ̀, èyí tí báńkì fi ń mọ ẹni tó ń san gbèsè, ti bàjẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì àwìn ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ìrètí Àgbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tó láṣẹ láti ná an. Wọ́n ti ná an nínàákúnàá, ẹnikẹ́ni ò sì san án padà.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ìyìnolúwa Akínṣọlá gbọ́ ẹjọ́ náà ní àgọ́ ọlọ́pàá, inú bí i gidigidi. Ọlọ́pàá obìnrin yìí ti lé adigunjalè lójú ọ̀nà Bẹ́níìnì rí, inú rẹ̀ ò ru tó báyìí. Adigunjalè a máa jẹ́ kéèyàn rí òun.

"Màdáámù, báwo lẹni tí ò yáwó ṣe ń jẹ gbèsè?" Ìdáyátù bi í.

"Bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ sábẹ́ káàdì ẹlòmíì ni. Bó bá ń san gbèsè rẹ̀ lásìkò, máàkì tìrẹ náà á máa gòkè. Bí kò bá san án, ẹrẹ̀ rẹ̀ á ta sí ọ láṣọ. Ta lo fún ní nọ́ńbà BVN rẹ?"

"Rìlwánù oní-POS nìkan. Kò sí ẹlòmíì."

"Ta ló mọ̀ pé báńkì ò yá ọ lówó?"

"Èmi pẹ̀lú bàbá mi, àti ẹ̀yin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é kíá. Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ náà fún mi ní òun ò lè dúró kọjá ìparí oṣù."

Abẹ́ agbòjò tó wà létí ibùdókọ̀ ni ìnsípẹ́kítọ̀ ti bá Rìlwánù. Ọkùnrin náà ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó bi í ní nǹkan kan.

"Màdáámù, ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n! Ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́wọ̀n báyìí nítorí nọ́ńbà oníbàárà. Ìdáyátù ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà rẹ̀, mi ò kọ ọ́ síbì kankan."

Ìyìnolúwa wo fóònù rẹ̀ tó ti fọ́, tó fi rọ́bà so pọ̀. Ẹni tó ń ná káàdì báyẹn ì bá ti ra òmíì. Ó kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì yọ Rìlwánù kúrò lọ́kàn.

Báńkì ní àfi bí kóòtù bá pàṣẹ káwọn tó dárúkọ ẹni tó ni Ìrètí Àgbẹ̀. Ohun tí wọ́n lè sọ ni pé ṣọ́ọ̀bù Elizabeth, tó ń ta oògùn kòkó ní Òrè, ni wọ́n ti ń ná káàdì náà.

"Ọlọ́kadà ni wọ́n ń rán wá," Elizabeth ní. "Tòní yàtọ̀ sí tàná. Mi ò mọ ọ̀gá wọn."

"Kí ló dé tí ìdérí kẹ́ẹ̀gì yìí ní ọ̀dà pupa, tí tàwọn yòókù ò ní?"

"Èyí tí wọ́n fi káàdì rà nìyẹn, ó kù kí wọ́n wá gbé e. Àwọn kan á fi káàdì ra ọjà tán, wọ́n á gbé e padà, wọ́n á ní kí n fún àwọn lówó. Ojú mi ti rí màbo! Bí mo bá ti fi ọ̀dà kùn ún, kò sí àdápadà. Ẹni tó bá sanwó lọ́wọ́, tirẹ̀ kì í ní ọ̀dà."

Ìnsípẹ́kítọ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Araromi-Obu. Ùsmọ́n, bàbá Ìdáyátù, ń fín kòkó, Ìdáyátù ń bá a pọn omi. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta wà nídìí igi lẹ́bàá rẹ̀, ìdérí wọn pupa.

"Ta ló ra oògùn yìí, bàbá?"

"Bàbá Lawrence, onílẹ̀ wa ni. Ó ń rà á fún gbogbo àwa àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀. Bí a bá wọn kòkó, á yọ owó rẹ̀."

"Ṣé nọ́ńbà BVN Ìdáyátù wà lọ́wọ́ wọn?"

"Ti gbogbo wa ni, màdáámù. Láti ìgbà tí bàbá mi ti ti Ìwó dé, ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ ìwé, onílẹ̀ ló ń bá àlejò ṣe é."

Ìyìnolúwa yíjú sí Ìdáyátù. "O ní Rìlwánù nìkan."

Ẹnu ya Ìdáyátù. "Onílẹ̀ wa mà ni! Mi ò kà wọ́n mọ́ ará ìta."

Ibi tí wọ́n fi ọkàn tán pátápátá ni olè ti wọlé.

Nígbà tí ìwé kóòtù tó fún un láṣẹ láti yẹ àpò Lawrence wò jáde, ó gba Òdìgbò lọ. Lawrence Èṣùbíyìí jókòó ní ṣítọ̀ tó ti ń wọn kòkó, àwọn àlejò rẹ̀ tò síwájú òṣùwọ̀n, Ùsmọ́n àti ọmọ rẹ̀ wà láàárín wọn.

"Ẹ káàbọ̀, ọma mi," Lawrence ní. "Ó dùn mí pé báńkì já Ìdáyátù kulẹ̀. N ó ra ẹ̀rọ náà fúnra mi, kó máa bá mi fi ṣiṣẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Báwo lẹ ṣe ń san owó oògùn kòkó?"

"Owó ọwọ́ ni! Èmi ò gba káàdì gbọ́."

Ìyìnolúwa gbé kẹ́ẹ̀gì onídèérí pupa kan síwájú rẹ̀. "Ọjà tí wọ́n fi káàdì rà nìkan ni Elizabeth ń kùn ní ọ̀dà yìí. Ìwé kóòtù rèé. Ẹ kó ohun tó wà nínú àpò yín síta."

Káàdì Ìrètí Àgbẹ̀ mẹ́ta jáde. Orúkọ Ìdáyátù wà lára ọ̀kan, orúkọ àwọn àlejò méjì wà lára àwọn yòókù. Ariwo ta.

"Ta ló sọ fún yín pé báńkì já a kulẹ̀?" Ìnsípẹ́kítọ̀ to àwọn káàdì náà síwájú rẹ̀. "Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi àti bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ò sì sọ fún yín. Ẹ ti mọ̀ pé wọn ò ní yá a, nítorí ẹ̀yin lẹ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń jẹ́ Ìrètí Àgbẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà wọn gba káàdì, ẹ ra oògùn láwìn, ẹ yọ owó rẹ̀ nínú kòkó wọn, ẹ ò san kọ́bọ̀ fún báńkì. Ẹ tún wá fẹ́ sọ ọmọ yìí di alágbàṣe yín! Ojú ò tiẹ̀ tì yín?"

Ojú ò tì í. Ó dìde. "Ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ? Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ọlọ́pàá lónìí, kó lọ wá ibòmíì gbin kòkó."

Ùsmọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìnsípẹ́kítọ̀. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Oko yẹn ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi."

Ó dun Ìyìnolúwa dé egungun pé ẹni tí wọ́n jà lólè ló ń bẹ̀bẹ̀ fún olè. Síbẹ̀, ó ní láti sọ òótọ́ fún Ìdáyátù. "Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, mi ò lè kọ ìwé fún báńkì. Bí báńkì ò bá rí ìwé, orúkọ rẹ á wà bó ṣe wà. Mi ò lè fọwọ́ sí i fún ọ."

Ìdáyátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa bàbá rẹ̀ dìde.

"Bàbá, ẹ dìde nílẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n yá wa. Orúkọ mi ò sí lára ìṣákọ́lẹ̀ tí à ń san."

Ó gba bírò lọ́wọ́ ìnsípẹ́kítọ̀, ó jókòó sórí àpò kòkó Lawrence, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹjọ́ rẹ̀.