Àtúnṣe Ojú Ìwé Kẹrin

Kì í ṣe pé ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ, mi ò sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un.

Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ńlá kan ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka Atakpamé. Àwọn tó wà ní olú iléeṣẹ́ wa ní Lomé lé ní igba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohùn wọn nìkan ni mo mọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé fóònù tí òǹkàwé bá pè láti sọ àṣìṣe wa.

Bàbá kan máa ń pè láti Akparé ní aago méje àárọ̀. Ògúnyínká ló pe ara rẹ̀. Á sọ ojú ìwé, á sọ ìlà, á sọ àṣìṣe. Kò sí ọjọ́ tí kò jàre.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó pè. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Rosine, ọmọ mi. Ojú ìwé kẹrin. Ẹ kọ ọ́ pé òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan ní Datcha wó lu àwọn ọmọ. Kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Ẹ tún un ṣe."

Mo ṣí ojú ìwé kẹrin ti ọjọ́ náà. Ìròyìn òwú ló kún ibẹ̀.

"Bàbá, mi ò rí i o."

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Mo jókòó síbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ, tá-tá-tá. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní Datcha. Gaël, tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Kí ni màá wí fún un? Mo pè é.

"Músíyè Gaël, àwọn ọmọ dà?"

"Wọ́n wà ní kíláàsì. Kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn jáde."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Rosine?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ ṣáà kó wọn jáde."

Mo gbọ́ tó pàtẹ́wọ́, tó ní kí wọ́n jáde. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ya lulẹ̀ gbàà. Gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Wọ́n ti jáde," ni Gaël wí. "Gbogbo wọn ti jáde."

Mo fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí Lomé: òrùlé wó, kò sí ọmọ kankan nínú ilé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó jáde ní ojú ìwé kẹrin. Ẹnì kan ní Lomé, tí mi ò mọ ojú rẹ̀, ti yí i padà: òrùlé wó lu àwọn ọmọ.

Mo jókòó ti fóònù. Aago méje lù. Fóònù náà kò dún.

Ní Sátidé, mo gun ọ̀kadà zémíjàn lọ sí Akparé. Ògúnyínká mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ́tí sí ohùn wọn. Kò sí bàbá náà nínú wọn. Ẹnì kẹta fún mi lómi, ó bi mí pé ta ni mò ń wá. Omi náà ni mo ṣáà ń mu.

Èmi ni mo kọ àtúnṣe náà, bí bàbá ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mi ò tíì lè bá ẹnikẹ́ni sọ níbi iṣẹ́: ká ní mi ò pe Gaël lọ́jọ́ náà, ṣé àṣìṣe ni ohun tí a tẹ̀ jáde yẹn ì bá jẹ́?